Àfòpiná kọ́ ló jẹ àdìrẹ yín

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan wà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí àdìrẹ. Bí àfòpiná bá wọlé lálẹ́, sálúbàtà ni wọ́n ń fà yọ. "Àwọn olè yìí ló ń dá ihò sí mi láṣọ." Wọn kò dá sọ ọ́. Láti Ìtòkú dé Ọbáńtokò, bí ihò bá ti yọ lára aṣọ inú àpótí, ọrùn àfòpiná ni a ń gbé e kọ́. Ó ń dùn mí, nítorí ẹni tó jẹ aṣọ náà ṣì wà nínú àpótí, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Ẹ wo ẹnu àfòpiná. Kò ní eyín. Ahọ́n gígùn tó ká jọ bí okùn ló ní, omi inú òdòdó ló sì ń fi í fà mu. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní ẹnu tó ṣeé jẹun. Ohun tí wọ́n ti jẹ sára nígbà tí wọ́n wà ní ìdin ni wọ́n ń ná títí wọ́n á fi kú.

Ìgbà ìdin ni ìjẹun wà. Ẹni tó bá gbin tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìnkùlé ti rí i rí: ìdin tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé, tó ń fi òwú ẹnu rẹ̀ ká ewé pọ̀, tó ń jẹ ẹ́ títí yóò fi ku iṣan. Bó bá yó tán, á wọnú erùpẹ̀, á sé ara rẹ̀ mọ́. Bó bá jáde, ó ti di àfòpiná kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní ìlà funfun lápá. Òun ló ń gba ojú fèrèsé wọlé. Tẹ̀tẹ̀ yín ló jẹ, kò mọ nǹkan kan nípa aṣọ. Iná pàápàá, kì í ṣe pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Lóru, ojú ọ̀run ló máa ń mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ó ń kẹ̀yìn sí kó má baà ṣìnà. Gílóòbù wa ló dà á láàmú, tó fi ń yí i po.

Àfòpiná tí ìdin rẹ̀ ń jẹ aṣọ wà lóòótọ́: òólá. Ó kéré, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí koríko gbígbẹ, òkùnkùn ló sì ń sá sí, kì í wá sídìí iná. Ohun tó ti ara ẹ̀dá wá ni ìdin rẹ̀ ń jẹ: irun àgùntàn, ìyẹ́ àti sílíkì. Aṣọ òwú bí àdìrẹ kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀, àfi bí òógùn tàbí ọbẹ̀ bá wà lára rẹ̀.

Ta ló wá jẹ àdìrẹ? Ẹ rántí ohun tí a fi ya á. Láfún ni wọ́n fi ń se ẹ̀kọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà kí aṣọ tó wọ aró. Bí ẹ̀kọ bá ṣẹ́kù lára rẹ̀, tàbí tí a tún fi sítáàṣì sí i kó lè dúró ṣánṣán, oúnjẹ aáyán dé nìyẹn. Kòkòrò pẹlẹbẹ tó ń dán bíi fàdákà, tó máa ń sá láàrin ìwé àtijọ́, fẹ́ràn rẹ̀ bákan náà. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ̀kọ ni wọ́n ń jẹ òwú mọ́ ọn. Bí àpótí bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ikán á dara pọ̀ mọ́ wọn.

Nítorí náà, ẹ fọ ẹ̀kọ náà kúrò pátápátá, ẹ sá aṣọ níbòji kí aró má ṣá, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì gbé àpótí kúrò nílẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má da káńfọ̀, àwọn hóró funfun róbótó tí wọ́n fi ń lé kòkòrò, sáàrin aṣọ ọmọ ọwọ́. Ó lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ jẹ́ débi ibà pọ́njú, pàápàá ọmọ tí ara rẹ̀ kò ní G6PD tó, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, irú wọn kò sì ṣọ̀wọ́n láàrin wa.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ẹ̀gbọ́n màmá mi dákẹ́, wọ́n wá tú sányán ìyá wọn síta. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Òwú inú ilé tí ìdin àfòpiná inú igbó hun ni wọ́n ran tí wọ́n fi hun sányán gidi. Sílíkì ni. Nínú gbogbo ẹrù àpótí yẹn, òun nìkan ni òólá lè jẹ. Wọ́n ká a jọ, wọ́n wá àpò tó lẹ́nu dídé fún un, wọ́n sì fi àfòpiná tó bà sára ògiri sílẹ̀.