Ta Ló Kọ́kọ́ Ṣà Á? Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Yíyan Ìwádìí Sínú Àkójọ Ìtọ́jú Ọkàn

Ìyá mi àgbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kì í da ẹ̀wà sínú ìkòkò láìṣà á. Àtẹ fífẹ̀ kan ló máa ń gbé lé itan, yóò da ẹ̀wà sí i, yóò fi ìka tẹ́ ẹ: òkúta lápá ọ̀tún, èyí tí kòkòrò ti jẹ lápá òsì. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ẹ̀wà rárá, ó ti sọ fún àwa ọmọ: "Oníhò méjì, ẹ jù ú nù. Oníhò kan, ẹ jẹ́ kó wà." Lọ́jọ́ tí mo bá a jiyàn pé oníhò méjì kan ṣì dára, ó wojú mi, ó ní, "Ṣé ẹ̀wà lò ń ṣà ni, àbí èyí tí ọkàn rẹ fẹ́?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ tó fẹ́ mọ̀ bóyá ìtọ́jú ọkàn àfọ̀rọ̀ṣe ń wo ènìyàn sàn lóòótọ́, ìyẹn kí oníṣègùn jókòó ti ẹni tí ìbànújẹ́ tàbí ìbẹ̀rù bá dè, kí wọ́n jọ fọ̀rọ̀ tú u, wọn kì í gbẹ́kẹ̀ lé ìwádìí kan ṣoṣo. Wọ́n á kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ jọ, wọ́n á fi ìṣirò sọ ọ́ di ìdáhùn kan. Meta-analysis ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ ìwádìí tó wọlé àti èyí tó dúró síta. Ta ló kọ́kọ́ dúró síbẹ̀? Èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ́ wa ni pé Gene Glass, oníṣirò ti Amẹ́ríkà, ni, ní 1976. N kò gbà. Orúkọ iṣẹ́ náà ló dá lọ́dún yẹn. Ṣíṣà ti wà tipẹ́, inú ìjà ló sì ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. "Ṣà" ni kí a máa mú nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ọ̀pọ̀, bí a ti ń ṣa ẹ̀wà, bí a ti ń ṣa igi. "Yàn" ni kí a sọ pé èyí ni a fi sípò, bí a ti ń yan ọba. Àṣàyàn so méjèèjì pọ̀: ọwọ́ tó ń mú, àti ẹnu tó ń fàṣẹ sí i. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tí mo fẹ́ ròyìn jẹ́ ti àwọn tí ọwọ́ wọn ti mú kí ẹnu wọn tó sọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ Òṣogbo ni mí, ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ kò sì lè ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó mọ odò wa. Odù Ọ̀ṣẹ́tùúrá sọ pé irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá sáyé, ọkùnrin mẹ́rìndínlógún, Ọ̀ṣun nìkan lobìnrin. Wọ́n dé, wọ́n la igbó Orò, wọ́n la igbó Ọ̀pa, wọ́n ń ṣèpàdé, wọn kò ka Ọ̀ṣun mọ́ ara wọn. Ohun tí wọ́n dáwọ́ lé kò gún. Òjò kò rọ̀, aboyún kò bí, àgàn kò fọwọ́ bosùn. Wọ́n padà lọ sọ́dọ̀ Olódùmarè láti ṣàròyé. Ó bi wọ́n léèrè ẹnì kẹtàdínlógún wọn. Ó ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Oyún wà nínú Ọ̀ṣun nígbà náà, ó sì ní bí òun bá bí ọkùnrin, ọmọ náà ni yóò máa bá wọn rìn. Ọ̀ṣẹ́tùúrá ni ó bí, ayé sì padà gún.

Mẹ́rìndínlógún nínú mẹ́tàdínlógún kì í ṣe iye kékeré. Olùṣírò òde òní lè sọ pé ẹyọ kan tó kù kò lè yí nǹkan kan padà. Ṣùgbọ́n wọn ò yọ Ọ̀ṣun nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Wọ́n ti mọ ẹni tó jẹ́, ìyẹn ló mú wọn yọ ọ́. Èmi ò mọ ìtàn kankan nílẹ̀ ibòmíràn tó sọ ewu yíyọ-kúrò kedere tó báyìí, ojú mi sì máa ń ríran sí i tí Arugbá bá gbé igbá lọ sí ojúbọ ní Oṣù Kẹjọ, nínú igbó tí UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Ẹni tí wọn ò kà ni gbogbo ìlú ń tẹ̀ lé lẹ́yìn yẹn.

Èkejì ni ìbò. Lónìí, bí a bá ní "ó dìbò", ìbò ìjọba ni gbogbo ènìyàn gbọ́, àpótí àti ìka tí wọ́n fi yíǹkì sí. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sì sọ pé kí a ṣẹ́ kèké. Ṣùgbọ́n ìbò Ifá ni àgbà. Mo ti jókòó lórí ẹní níwájú babaláwo rí. Ó fún mi ní owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ àti egungun kékeré kan. Owó ẹyọ ni bẹ́ẹ̀ ni, egungun ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí n di ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọwọ́ kan, kí n má sì jẹ́ kí òun mọ èyí tó wà níbo. Ó wá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Odù tó jẹ́ àgbà nínú méjèèjì ló sọ ọwọ́ tí mo là. Ìtumọ̀ ti dúró kí odù tó yọjú. Bó ti wù kó fẹ́ràn mi tó, kò lè rí odù tán kó wá sọ pé egungun ti di rere. Kò tilẹ̀ mọ ọwọ́ tí egungun wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn 1952 kí àwọn oníṣirò ìtọ́jú ọkàn tó dé ibi tí babaláwo yẹn jókòó sí.

N kò sọ pé ẹnì kan láti Lọ́ńdọ̀nù wá kọ́ ọ níbí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìpilẹ̀ṣẹ̀ nǹkan wà níbi tí a ti kọ́kọ́ mọ ewu rẹ̀ tí a sì wá ìdènà fún un.

Nílẹ̀ Òyìnbó, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni James Lind, dókítà ọkọ̀ ojú omi ọmọ Scotland. Ìwé rẹ̀ lórí scurvy, àìsàn tó ń pa àwọn atukọ̀ tí kò rí èso jẹ, jáde ní 1753. Ó ka ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti kọ, ó sì sọ ọ́ láìfi bò pé kí ọ̀rọ̀ náà tó lè mọ́lẹ̀, òun ní láti kó pàǹtírí púpọ̀ kúrò lọ́nà. Àtẹ ẹ̀wà nìyẹn. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí Karl Pearson, tó pa iye abẹ́rẹ́ ibà jẹ̀funjẹ̀fun àwọn sójà pọ̀ ní 1904. Iye tí wọ́n kó fún un ló ṣírò. Oníṣirò ni, kì í ṣe olùṣàyàn.

Nínú ìtọ́jú ọkàn gan-an, 1952 ni mo kà sí ọdún ìbí iṣẹ́ yìí. Hans Eysenck, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, ọmọ Berlin tó ti di ará Lọ́ńdọ̀nù, kó ìwádìí 24 jọ, àwọn aláìsàn inú wọn lé ní 7,000, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú àpilẹ̀kọ tí kò gùn. Ó ní nínú àwọn tí wọ́n fi ọ̀nà Freud, ẹni tó dá psychoanalysis sílẹ̀, tọ́jú, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn yá. Àwọn tí wọ́n fi oríṣiríṣi ọ̀nà tọ́jú jẹ́ 64. Àwọn tí kò rí onítọ̀ọ́jú ọkàn rárá, tí ilé ìwòsàn ìjọba New York kàn gbà sílé tàbí tí dókítà lásán tọ́jú, jẹ́ 72. Ìyẹn ni pé bí ìtọ́jú ṣe ń pọ̀ sí i ni yíyá ara ń dín kù. Ẹ lè fojú inú wo bí inú ṣe bí àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí 44 yẹn. Àwọn aláìsàn tó fi ìtọ́jú sílẹ̀ láìtíì parí, Eysenck kà wọ́n mọ́ àwọn tí ara wọn kò yá. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí a bá yọ wọ́n kúrò nínú iye, 44 á fò di nǹkan bí 66. Ènìyàn kan náà, ìwé kan náà, àtẹ kan náà. Ìpinnu kan ṣoṣo nípa ẹni tí a ó kà ló gbé iye náà láti 44 dé 66. Nígbàkígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí jù. Tún wo 72. Apá kan rẹ̀ ti inú fáìlì iléeṣẹ́ ìbánigbófò wá, aláìsàn 500 tí dókítà kan tó ń jẹ́ Denker kó jọ, àwọn tó ń gba owó nítorí pé àìsàn kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́. Ṣé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ àti ẹni tó ń lọ sórí àga onítọ̀ọ́jú Freud jẹ́ ẹ̀wà àpò kan náà? Ní 1971 Allen Bergin, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, tún gbogbo rẹ̀ ṣà, ó ní àwọn tí ara wọn máa ń yá láìsí ìtọ́jú kò ju nǹkan bí ìdá 30 lọ. Èyí ló jẹ́ kí n sọ pé inú ìjà ni ṣíṣà ti jáde. Kí Eysenck tó dé, kò fi bẹ́ẹ̀ sẹ́ni tó ń bèèrè lọ́wọ́ onítọ̀ọ́jú ọkàn pé, "Àwọn wo lo kà?"

Glass wá bọ́ sí i. Òun náà ti gba ìtọ́jú ọkàn rí, ó sì mọ̀ ọ́n lára pé ó ṣe òun láǹfààní. Ọ̀rọ̀ Eysenck dùn ún. Òun àti Mary Lee Smith kó ìwádìí 375 jọ, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1977: ẹni tó wà láàárín nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú sàn ju ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọn kò tọ́jú lọ. Òfin wọn ni pé kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìwádìí tó bá ti ní ẹgbẹ́ àfiwé, kó wọlé, ì báà jẹ́ ìwé ìgboyè tí wọn ò tẹ̀ jáde rí. Wọ́n á kọ àléébù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí ìṣirò sọ bóyá àléébù náà yí èsì padà. Àwọn alátakò ní wọ́n da ápù pọ̀ mọ́ ọsàn. Glass ní ẹni tó bá ń ṣèwádìí èso ní láti dà wọ́n pọ̀. Eysenck dáhùn ní 1978 pẹ̀lú ìbínú pé bí pàǹtírí bá wọlé, pàǹtírí ló máa jáde. Lórí eléyìí, ti Glass ni mò ń ṣe, nítorí Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn kó tó mọ iye ẹni tó wà níta, kò lè mọ ohun tó pàdánù. Àwọn tó wá lẹ́yìn tí wọ́n ní kí a mú kìkì èyí tó dára jù, ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ẹni tó ń pe ọ̀kan ní dáadáa.

Láti ibẹ̀ ọ̀nà yá. Ní 1979 Robert Rosenthal kìlọ̀ nípa ìwádìí tí kò so èso tí wọ́n fi sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, tí kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n dá Ẹgbẹ́ Cochrane, tó ń ṣàkójọ ìwádìí ìṣègùn, sílẹ̀ ní 1993. Ìlànà PRISMA jáde ní 2009: kí a sọ iye tí a rí, iye tí a yọ, àti ìdí tí a fi yọ ọ́. Ó di àṣà pé kí ẹni méjì ṣà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnì kẹta parí ìjà wọn. Ní 2010 Pim Cuijpers àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìwádìí 115 lórí ìtọ́jú ìbànújẹ́ tó le. 11 péré ló yege gbogbo òṣùwọ̀n mẹ́jọ tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Agbára ìtọ́jú náà (òdo túmọ̀ sí pé kò ṣe àǹfààní kankan) jẹ́ 0.22 nínú àwọn 11, ó jẹ́ 0.74 nínú ìyókù. Ní 2011 ìwé ìforúkọsílẹ̀ PROSPERO bẹ̀rẹ̀ ní York, níbi tí olùṣàyàn ti ń kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba kó tó ṣà. Ìbò nìyẹn: kí ìtumọ̀ dúró kí odù tó yọ.

Èyí tó kù tó ń jẹ mí lọ́kàn wà nílé. Ní 1954 Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ń gbé ní abúlé pẹ̀lú ìdílé, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì lọ́wọ́ sí i. Gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣẹ́ kèké pín àwọn aláìsàn sí ẹgbẹ́ méjì, nítorí náà, lábẹ́ òfin tó wà lónìí, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á dúró síta, nígbà tí ìwádìí tí wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà tó ń bẹ̀rù ejò ṣe ti wọlé láti 1977. N kò ní kí a fọ́ òfin náà. Ó yẹ kí a máa kọ orúkọ àwọn tó dúró síta sórí pátákó kan, kí a lè rí wọn.

Ní 2020 Oye Gureje, dókítà ọpọlọ, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde láti Ìbàdàn àti Kumasi ní Ghana. Wọ́n ṣẹ́ kèké pín ibùdó ìtọ́jú: ní ti àwọn kan, oníṣègùn ìbílẹ̀ àti onígbàgbọ́ àdúrà bá òṣìṣẹ́ ìlera ṣiṣẹ́ pọ̀, ní ti ìyókù, wọ́n ń bá tiwọn lọ bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àìsàn ọpọlọ tó le ló dá lé, kì í ṣe ìtọ́jú àfọ̀rọ̀ṣe nìkan, àkójọ mìíràn ni yóò wọ̀. Ṣùgbọ́n ó wọlé, wọ́n sì ti ka babaláwo mọ́ ọn.