Bí Kíì Wáyà Ṣe Di Ohun Tó Ń Wọ Àpò Ṣòkòtò

Ohun tí mo fẹ́ pìtàn rẹ̀ yìí kò ju páálí ìṣáná lọ. Kíì ni, ohun tí ìka fi ń rán ọ̀rọ̀ ní kóòdù Morse, níbi tí ìró kúkúrú àti ìró gígùn ti dúró fún lẹ́tà. Ìtẹ́lẹ̀ idẹ ló ní, pẹ̀lú ahọ́n pẹlẹbẹ méjì tó kẹ̀yìn síra wọn, àti okùn tín-ínrín kan tó lọ sínú redíò. Àtàǹpàkò ń ti ahọ́n kan, ìka ìlábẹ̀ ń ti èkejì. Àwa tí à ń fi redíò ṣe fàájì, tí wọ́n ń pè ní ham, pádù là ń pè é, orúkọ kan náà tí òyìnbó fún àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ sí Tarkwa Bay, ọmọkùnrin tó fi ọkọ̀ gbé wa láti Marina bi mí pé kí ni mo dì mú bí ẹyin báyìí. Mo sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ó wo àjẹ̀ tó tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó wo tèmi, ló bá bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, èyí ò lè wa igbá o!”

Èkó kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ tí nǹkan yìí ń ṣe. Ọdún 1886 ni okùn abẹ́ òkun ti ilé iṣẹ́ African Direct Telegraph Company gúnlẹ̀ síbí, tí ọ̀rọ̀ Èkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé London láìwọ ọkọ̀. Wáyà ni àwọn bàbá wa ń pè é. Tí wọ́n bá ní wáyà dé, àyà ará ilé á kọ́kọ́ já ná, torí iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń gbowó, kò sì sí ẹni tó máa náwó yẹn torí àtikí èèyàn lásán. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ti ń kúrò ní Marina, ẹ ó rí NECOM House tó ga fíofío lẹ́yìn yín. Àwọn àgbà ṣì ń pè é ní NET Building, torí ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tó ń ti òkè òkun wá ni wọ́n kọ́ ọ fún, ó sì parí ní 1979.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Àwọn tó ń fi wáyà wé gángan kò fi bẹ́ẹ̀ rò ó dáadáa. Ohùn ni onígángan ń gbé, ó ń fi lẹ́tà sílẹ̀; lẹ́tà ni kóòdù Morse ń gbé, ó ń fi ohùn sílẹ̀. Àmì wà fún É, ó wà fún À, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣe àmì fún ẹ, ọ àti ṣ tiwa. Ẹni tó bá tẹ OKO TI DE, ṣé ọkọ ìyàwó ló dé ni, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko? Ẹni tó gba wáyà ló máa mọ̀ ọ́n.

Kíì àkọ́kọ́, títẹ̀ sísàlẹ̀ ni. Nígbà tí Samuel Morse fi ránṣẹ́ láti Washington sí Baltimore ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 1844, ohun tó wà lórí tábìlì kò ju irin tí èèyàn ń tẹ̀ kó kan irin míì. Tí ìka bá tẹ̀ ẹ́ tó sì tètè gbé e, “dì” nìyẹn; tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìlọ́po mẹ́ta àkókò yẹn, “dà” nìyẹn. Tí akọ̀wé wáyà bá ń sáré 20 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, dì kan kò ju ìdá 60 nínú 1,000 ti ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì máa fi ṣe gbogbo rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti àárọ̀ dalẹ́. Apá wọn kú. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn pe àìsàn náà ní apá dígí: ọwọ́ á kàn le gbagidi, kò ní gbọ́ràn mọ́.

Ìrora yìí gan-an ni ìyá pádù. Ní 1888, ilé iṣẹ́ J. H. Bunnell ní New York gbé kíì kan jáde tí wọn kì í tẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń tì í sí, lọ́tùn-ún àti lósì, kí ọrùn ọwọ́ lè sinmi. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Horace Martin wá lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Vibroplex tó gba àṣẹ lé lórí ní 1904 ní ọ̀pá kan tí irin kékeré tó wúwo wà lára rẹ̀. Tí àtàǹpàkò bá ti kan ahọ́n rẹ̀, ọ̀pá náà á máa gbọ̀n fúnra rẹ̀, dì-dì-dì-dì, títí wàá fi yọwọ́. Dà nìkan ló kù tí ọwọ́ ń ṣe. Kòkòrò ni àwọn akọ̀wé wáyà ń pè é, mo sì gbà pé orúkọ náà bá a mu: ẹ gbé e sẹ́bàá etí, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń kùn.

Àǹfààní yìí ní gbèsè tirẹ̀. Kíì tí à ń tẹ̀ sísàlẹ̀, tábìlì ló ń gbà á mọ́ra. Èyí tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, yíyọ̀ ló máa yọ̀ lọ, àfi tí ìdí rẹ̀ bá wúwo. Ìdí nìyẹn tí Vibroplex fi tó bíi kílò kan ààbọ̀, irin tó nípọn ni ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ rìnrìn àjò, kó yáa wá alágbàárù.

Iná mànàmáná ló tú u sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ keyer gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pá tó ń gbọ̀n yẹn: tẹ apá kan, ó ń ka dì; tẹ apá kejì, ó ń ka dà, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Onígíláàsì, bíi gílóòbù inú redíò àtijọ́, ló kọ́kọ́ wà, ó tóbi bí àpótí. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, John Curtis ti kó gbogbo rẹ̀ sínú ègé ẹ̀rọ kékeré kan. Lónìí, inú redíò fúnra rẹ̀ ló ń gbé.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni fífún ahọ́n méjèèjì pọ̀. Tí o bá di méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, keyer á máa pààrọ̀ wọn fún ẹ. Lẹ́tà C, dà-dì-dà-dì, ìfúnpọ̀ kan ṣoṣo ni, kí ahọ́n dà sáà ti ṣíwájú ahọ́n dì ló kù. Àlàfo tó wà láàárín ahọ́n àti ojú ibi tó máa kàn kò ju sísanra bébà kan lọ. Nígbà tí iṣẹ́ ti wá kéré tó báyìí, kí ni a tún fẹ́ fi irin ńlá ṣe? Àwọn tó ń rọ ọ́ mú sípíríǹgì kúrò, wọ́n fi òòfà tíntìntín rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun àpò.

Àmọ́ ìyọ̀kúyọ̀ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn kan fi òòfà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara redíò. Elecraft KX1 tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 kúkú jẹ́ kí pádù rẹ̀ di mọ́ iwájú redíò gbágbá. Èmi, itan ni mò ń so tèmi mọ́, mo sì ti rò pé ọgbọ́n orí mi ni, àfi ìgbà tí mo wá mọ̀ pé sójà Amẹ́ríkà ti ní kíì J-45 tí wọ́n ń há mọ́ itan nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Èwo ni ti jíjáde nílé, tí redíò wà ní Sùúrùlérè? Ariwo ni. Jẹnẹrétọ̀ alájọgbé, ínfátà, ṣájà sólà tí kò kúnjú òṣùwọ̀n: gbogbo wọn ló ń hó sórí afẹ́fẹ́, kò sí ohùn jíjìn tó lè gba àárín wọn kọjá. Láti 2002 ni àwọn ham ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣètò gígun òkè pẹ̀lú redíò kékeré, wọ́n ń pè é ní Summits on the Air. Èkó kò lókè, ṣùgbọ́n a ní òkun, omi iyọ̀ sì dára lábẹ́ wáyà áńtẹ́nà redíò ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ fíìfíì. Ní 2003, ìpàdé redíò àgbáyé ní Geneva fi í sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n á máa dán ham wò nínú Morse. Àwọn kan ní ó parí nìyẹn. Tèmi ni pé ìgbà tí kò di dandan mọ́ ló wá dùn.

Wáàtì 5 ni redíò mi ń lò, kò ju gílóòbù LED kékeré lọ. Mo ta wáyà sára igi àgbọn, mo jókòó sórí kúlà, mo so pádù mọ́ itan, mo sì pe CQ, ìyẹn ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́, pẹ̀lú orúkọ redíò mi tó fi 5N bẹ̀rẹ̀ (ZD2 ni wọ́n ń lò kí a tó gbòmìnira). Ará Ítálì kan dáhùn, ibi tó tó bíi 4,000 kìlómítà. Bí mo ṣe fẹ́ dá a lóhùn, dì kan tí mo tẹ̀ di mẹ́ta. Mo tún un tẹ̀, ó di márùn-ún. Iyọ̀ àti iyanrìn ti wọ ojú ibi tí idẹ ti ń kanra. Ọkùnrin yẹn ṣe sùúrù, ó ń fi àmì ìbéèrè ránṣẹ́, dì-dì-dà-dà-dì-dì, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Mo ya bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan létí ìwé tí mo fi ń kọ orúkọ ibùdó, mo tì í sáàárín ahọ́n àti ojú rẹ̀, mo fún un díẹ̀, mo fà á jáde. Ó dúdú. Mo tún ya òmíràn. Ìkẹta ló jáde ní funfun, mo sì tẹ orúkọ mi tán láìyingin, kí òun náà tó fi 73 kí mi pé ó dìgbà.