Ìdènà àrùn tí ẹranko ń kó ran ènìyàn

Àrùn tí ẹranko ń kó ran ènìyàn ni èyí tí kòkòrò àìfojúrí rẹ̀ ń ti ara ẹran ọ̀sìn, ẹran ìgbẹ́ tàbí ẹyẹ bọ́ sára ènìyàn. Lára wọn ni dìgbòlugi, ibà Lassa, Ebola àti fúlúù ẹyẹ. Ìdènà wọn kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìwòsàn nìkan, ó kan dókítà ẹranko, àgbẹ̀ àti àwọn tó ń mójú tó àyíká.

Dìgbòlugi ló fi hàn jù lọ pé ọ̀dọ̀ ẹranko ni ó yẹ kí ìdènà ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni a fojú bù pé ó ń pa lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ, tí omi mímu di ohun tí ń ba aláìsàn lẹ́rù, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó yè é. Bí a bá fún ìdá 70 nínú 100 ajá àdúgbò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kì í sábà rọ́nà tàn kálẹ̀ láàárín wọn mọ́. Mẹ́síkò tọ ọ̀nà yìí, ó sì di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí, ní 2019, pé ajá kò fi dìgbòlugi pa ènìyàn níbẹ̀ mọ́. Ọdún 2030 ni gbèdéke fún àgbáyé.

Ní Òṣogbo, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ajá tó lólówó pàápàá máa ń rìn kiri, a sì lè bá a nídìí àtẹ alápatà. Inú kúlà oníyìnyín ni dókítà ẹranko ń gbé oògùn àjẹsára sí kí ó tó gún ajá lábẹ́ awọ, kí ó sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú káàdì. Níbi tí iná mànàmáná bá ti ń ṣe ségesège, ìpamọ́ yìí ló máa ń nira jù. Ajá tí a rà láti fi bọ Ògún náà yẹ ní kíkà mọ́ àwọn ajá tí a ń fún ní abẹ́rẹ́ yìí, nítorí itọ́ rẹ̀ lè kan ojú egbò ẹni tó dì í mú. Ẹni tí ajá bá gé jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Àgbo kò lè rọ́pò rẹ̀.

Fúlúù ẹyẹ wọ Nàìjíríà ní 2006, ìjọba sì pa adìẹ, ó san owó gbà-má-bínú fún àwọn tó ń sìn wọ́n. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969, eku ló ń gbé e kiri. Dídé gàárì àti oúnjẹ mìíràn sínú ike tó ní ìdérí wà lára ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń kéde.