Owó Iṣẹ́ Olóòtú Fíìmù ní Yúróòpù

Nínú ìwé ètò owó fíìmù, ìlà kan wà tí gbogbo ojú máa ń yí sí bí owó ò bá pé: owó iṣẹ́ olóòtú. Ẹ̀yin tó ń múra àtiṣe iṣẹ́ yìí ní Yúróòpù, ẹ tètè mọ̀ ọ́n.

Nínú eré àgbéléwò tiwa, ẹni tó gbé owó kalẹ̀ la sábà ń pè ní olóòtú. Níbí, owó olówó ni olóòtú tó dá dúró ń kó jọ. Á wá ìtàn, á gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, á wá máa kanlẹ̀kùn kiri. CNC, àjọ ìjọba tó ń fowó ran fíìmù lọ́wọ́, ti wà ní Faransé láti 1946. Eurimages, àpò owó ìrànwọ́ fún fíìmù tó wà ní Strasbourg, kì í dá sí fíìmù tí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo bá ṣe, àfi èyí tí wọ́n bá pawọ́ pọ̀ ṣe. Ìdí nìyẹn tá a fi ń wá alájọṣe lọ sí CineMart ní Rotterdam, ọjà tó ti wà láti 1983. Ẹ jókòó sídìí tábìlì, ẹ ro ìtàn yín fún àlejò kan, ó dìde, òmíràn jókòó. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ohùn á ti há.

Ká ní fíìmù yín máa gba mílíọ̀nù 2 owó Yúrò. Ìwé ìlérí ti dé fún 1,900,000. Ó ku 100,000, ọjọ́ tí kámẹ́rà máa ṣí sì ti wọlé dé. Wọ́n á ní kí ẹ fi owó iṣẹ́ yín dí i, pé ẹ ó gbà á tí fíìmù bá ti ń pawó. Ṣùgbọ́n bó bá pawó, alágbàtà tó ń tà á kárí ayé á kọ́kọ́ yọ èrè tirẹ̀, á yọ owó tó ná sórí ìpolówó, lẹ́yìn náà owó tó ti san sílẹ̀ ṣáájú kó lè rí fíìmù náà tà. Àwọn tó dáwó náà á wá gba tiwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin gbé e rù lẹ gbẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì ní ku nǹkan kan. Èyí dùn mí púpọ̀, torí mo ti rí olóòtú tó mọṣẹ́ dunjú tó tìtorí rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Bó bá di dandan kẹ́ ẹ yọ nínú owó yín, ẹ má yọ ọ́ tán. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ yọ sínú àdéhùn, kẹ́ ẹ sì bèèrè pé kí wọ́n san án pọ̀ mọ́ tàwọn tó dáwó, kì í ṣe lẹ́yìn wọn. Ẹ jẹ́ kí owó tó ń wọlé gba ọwọ́ ẹnì kẹta tí yóò máa pín in fún oníkálukú tààrà. Ẹ má sì gbójú lé fíìmù kan ṣoṣo: kí ọ̀kan wà lọ́wọ́, kẹ́ ẹ máa wá owó fún òmíràn, kí ẹ̀kẹta ṣì wà lọ́dọ̀ òǹkọ̀wé.