Bí Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Wọ Inú Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Yunifásítì

Láti etí ọ̀sà ní Yunifásítì Èkó, ní Akoka, ojú tó Afárá Third Mainland kedere, afárá tó gùn ju kìlómítà 11 lọ, tí wọ́n parí ní ọdún 1990. Ọdún márùn-ún ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní láti fi mọ ohun tó ń mú kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró láìwó. Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ ti kúrò ní ti bébà nìkan tipẹ́; orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tó wá kù fún yunifásítì ni bí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà yóò ṣe wọ inú ẹ̀kọ́ náà tí kò fi ní dà bí agbádá àyálò lára rẹ̀.

Ọ̀nà àtijọ́ kò ṣòroó ṣàpèjúwe. Wọ́n á ya kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní ọdún kìíní tàbí ìkejì, olùkọ́ kan á wá láti ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, á kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò ro máàkì ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, wọ́n á ṣe ìdánwò rẹ̀, ó parí. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá fi dé ọdún kẹrin, tí ìṣirò gidi dé, ó ti gbàgbé, nítorí kò sẹ́ni tó fi hàn án pé èyí tó kọ́ lọ́jọ́sí ní í ṣe pẹ̀lú èyí tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni pé kí a hun ún mọ́ àwọn kọ́ọ̀sì ìmọ̀ ẹ̀rọ fúnra wọn, kí ó má sí ọdún kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní lò ó.

Àyè wà fún èyí nínú ìlànà. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ náà là kalẹ̀ fún gbogbo yunifásítì, ìdá 30 tó kù sì wà lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Inú ìdá 30 yẹn ni ẹ̀ka tó bá fẹ́ hun kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti lè na apá.

Ẹ jẹ́ ká mú bíìmù, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń dà sórí òpó méjì, láti fi wo bí ìhun náà ṣe rí. Bí ẹrù bá tẹ́ lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àárín rẹ̀ á tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bó sì ṣe tẹ̀ tó ni 5wL⁴ ÷ 384EI, níbi tí w ti jẹ́ ẹrù orí mítà kọ̀ọ̀kan, tí L jẹ́ gígùn, tí E dúró fún líle ohun tí a fi ṣe é, tí I sì dúró fún ìrísí ojú ibi tí a bá gé e dábùú. Ní kíláàsì àtijọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe é lẹ́ẹ̀kan, á rí ìdáhùn kan, á fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ní kíláàsì tuntun, á kọ́kọ́ ṣe é lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ náà, lẹ́yìn èyí ni yóò kọ ìlà bíi mẹ́wàá ní Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí yóò ṣírò rẹ̀ fún oríṣiríṣi gígùn, tí yóò sì ya àwòrán rẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú á ti là. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé bí gígùn bíìmù bá di ìlọ́po 2, títẹ̀ rẹ̀ náà á di ìlọ́po 2. Àwòrán á fi hàn pé ìlọ́po 16 ni. Bó bá wá sọ gíga bíìmù náà di ìlọ́po 2 láìfi kún ìbú rẹ̀, títẹ̀ rẹ̀ á dín kù sí ìdá kan nínú 8. Ìdí nìyẹn tí bíìmù fi sábà máa ń ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, ohun tí bíríkìlà ní Ṣómólú ti gbà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ láìfọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí.

Ní ọdún kẹta, ìṣirò tí kò ṣeé yanjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á yọjú. Nínú ìlànà Colebrook, tí wọ́n fi ń wá bí ara páìpù ṣe ń fa omi sẹ́yìn tó, ohun tí à ń wá wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì ìṣirò náà pa pọ̀. A óò méfò iye kan, a óò fi í sínú rẹ̀, èyí tó bá jáde a óò tún dá a padà sínú rẹ̀, títí ìyàtọ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ó ń súni láti ṣe lọ́wọ́. Kí á tó ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà ti ṣe é tán. Lẹ́yìn èyí ni SIWES, ètò ìjáde lọ síbi iṣẹ́ tó ti wà láti ọdún 1973, tí akẹ́kọ̀ọ́ á ti bá AutoCAD, ètò tí wọ́n fi ń ya àwòrán iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ní ọ́fíìsì ní Ìkẹjà tàbí Victoria Island.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà kì í tijú. Bí a bá fún un ní mìlímítà níbi tó ti ń retí mítà, á dáhùn bí ẹni tó dá lójú. Ní ọdún 1999, ẹ̀rọ Mars Climate Orbiter tí NASA ti Amẹ́ríkà rán lọ sí Mars ṣègbé nítorí pé páùn ni ètò kan fi ń wọn agbára, nígbà tí newton ni èkejì ń retí. Nítorí náà, olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í gba ìdáhùn kọ̀ǹpútà kankan tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá kọ́kọ́ kọ ohun tó rò pé yóò jáde sórí bébà.

Ọ̀rọ̀ iná àti owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n ṣeé yí po. Python àti Octave, ètò ìṣirò mìíràn, jẹ́ ọ̀fẹ́, wọn kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Èyí tó le jù ni olùkọ́: bí ẹni tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ bíìmù kò bá lè kọ ìlà mẹ́wàá yẹn fúnra rẹ̀, ẹ̀kọ́ náà yóò tún padà sọ́dọ̀ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, ìhun náà á sì tú.

Bákan náà ni ọ̀nà ìdánwò ń yí padà, pàápàá nísinsìnyí tí ẹ̀rọ lè báni kọ odindi ètò. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú ètò rẹ̀ wá síwájú olùkọ́, olùkọ́ á ní kí ó sọ ẹrù inú rẹ̀ di ìlọ́po 2, kí ó sì sọ ohun tí ìdáhùn yóò jẹ́ kí ó tó tẹ bọ́tìnì.