Báwo ni òdòdó àti eku ṣe ń bá ìjọba wí nínú ewì Ṣáínà àtijọ́?

Ìbéèrè: Ọ̀rọ̀ igi, ẹyẹ, òdòdó àti òṣùpá ló kún inú ewì Ṣáínà àtijọ́. Síbẹ̀ wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá ìjọba wí. Níbo ni ìbáwí náà wà?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú Shijing, àkójọ ewì 305 tí ó pẹ́ jù lọ ní Ṣáínà. Ewì kan wà níbẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ti ń bẹ eku ńlá kan pé kí ó má ṣe jẹ jéró àwọn mọ́. Wọ́n ní ọdún mẹ́ta ni àwọn ti fi sìn ín tí kò bojú wo àwọn, nítorí náà àwọn yóò kó lọ sí ilẹ̀ tí ara ti ń tu ènìyàn. Ta ló ń sin eku? Ẹni tí a ń sìn, tí ó sì ń jẹ irè oko ẹni láìroko, ìjòyè ni. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n túmọ̀ ewì yìí láyé àtijọ́ sọ ọ́ gbangba pé owó-orí tó ń ni ará ìlú lára ni ó ń bá wí.

Ìbéèrè: Bí gbogbo ayé bá mọ ẹni tí eku jẹ́, kí ni àfiwé náà wá fi pamọ́?

Ìdáhùn: Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú nìyí. Ní tèmi, mo gbà pé àfiwé náà ju ohun ìfarapamọ́ lọ. Ọ̀nà ìbọ̀wọ̀ fún ẹni tí a ń bá wí ni. Òṣìṣẹ́ ọba ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn akéwì tí a mọ orúkọ wọn, ẹ̀kọ́ Confucius, ọlọ́gbọ́n Ṣáínà àtijọ́, sì sọ ọ́ di ojúṣe wọn láti kìlọ̀ fún ọba tó bá ṣìnà, láìwọ́ ọ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí wọ́n kọ sí Shijing nígbà ìjọba ìdílé ọba Han ní ẹni tó bá fi ewì báni wí lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi, ẹni tó sì gbọ́ ọ ti rí ohun tí yóò fi ṣọ́ra. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ, kí ó lè dé inú ọba kí ó di odindi.

Ìbéèrè: Ṣé kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ ní tààrà?

Ìdáhùn: Ó wà. Nínú ewì kan tí akéwì Bai Juyi kọ, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lára bàbá arúgbó kan tó ń ta èédú, síbẹ̀ ó ń gbàdúrà kí òtútù mú sí i, kí èédú rẹ̀ lè lówó lórí. Àwọn ìwẹ̀fà ààfin dé, wọ́n darí kẹ̀kẹ́ màlúù rẹ̀ sí ààfin, wọ́n sì fi aṣọ ṣẹ́dà díẹ̀ kọ́ màlúù náà lórí gẹ́gẹ́ bí owó ọjà.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó sọ ọ́ kò jẹ̀bi?

Ìdáhùn: Ẹ̀bi rẹ̀ máa ń wúwo nígbà mìíràn. Ní 805 ni wọ́n lé akéwì Liu Yuxi kúrò ní olú-ìlú Chang'an, nítorí pé ó wà lára àwọn tó fẹ́ tún ìjọba ṣe. Ọdún mẹ́wàá kọjá kí wọ́n tó pè é padà, ó sì lọ wo òdòdó igi píìṣì ní tẹ́ńpìlì Xuandu. Ewì ìlà mẹ́rin péré ló kọ, ó ní ẹgbẹ̀rún igi píìṣì tó wà níbẹ̀, ẹ̀yìn tí Liu ti lọ ni wọ́n gbin gbogbo wọn. Àwọn tí wọ́n joyè nígbà tí kò sí nílé mọ̀ pé àwọn ni igi náà, wọ́n sì tún lé e lọ sí Lianzhou. Nígbà tí ó padà ní 828, kò bá igi píìṣì kankan níbẹ̀ mọ́. Ó kọ ewì mìíràn, ó béèrè ibi tí ẹni tó gbin wọ́n wọlé sí, ó sì ní Liu àná ti tún dé. Ìgboyà yẹn wú mi lórí.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn ọ̀tá kò lè rí ohun tí akéwì kò fi síbẹ̀?

Ìdáhùn: Wọ́n lè rí i, ọ̀rọ̀ akéwì Su Shi sì fi í hàn. Ní 1079, wọ́n mú un ní Huzhou, wọ́n sì fi ewì rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ó ń fi òfin tuntun ọba ṣe yẹ̀yẹ́. Òmíràn nínú ẹ̀sùn náà rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Ó ti kọ ewì nípa arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún kan tó ń wá ọ̀mùnú ọparun jẹ lórí òkè, Su Shi sì béèrè bóyá orin dídùn ló mú arúgbó náà gbàgbé adùn oúnjẹ. Ìtàn ni pé Confucius gbọ́ orin àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Shao, kò sì mọ adùn ẹran fún oṣù mẹ́ta. Ìlà tó tẹ̀ lé e dáhùn pé láti oṣù mẹ́ta ni kò ti sí iyọ̀ nínú oúnjẹ. Òfin iyọ̀ ìjọba ló ń bá wí, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ewì mìíràn, ó yin igi kan tí gbòǹgbò rẹ̀ tọ́ dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ó ní dírágónì abẹ́ ilẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìjòyè Wang Gui sọ fún ọba Shenzong pé ọba ni dírágónì tó ń fò lójú ọ̀run, Su Shi sì ń wá òmíràn lábẹ́ ilẹ̀. Ọba fèsì pé igi ni ó ń kọ ewì nípa rẹ̀, kí ni ó kan òun níbẹ̀?

Su Shi lo ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó lé e lọ sí Huangzhou. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ kíkọ ni ẹrù tí òun ti ń rù ní gbogbo ayé òun. Inú ewì tuntun ló ti sọ ọ́.