Bí Ìsoríkọ́ Ṣe Ń Fara Pamọ́ Lára Ẹni Tí Ẹ̀rọ Ń Fọ Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀

Nígbà tí kíndìnrín méjèèjì bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ni ó ń bá aláìsàn fọ ẹ̀jẹ̀. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí fún ọ̀pọ̀ ni ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, nǹkan bí wákàtí 4 lórí àga lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọn yóò fi rí kíndìnrín ẹlòmíràn fi dípò, tàbí títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ìsoríkọ́ wọ́pọ̀ gan-an láàárín wọn, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí a tó dá a mọ̀, nítorí pé aṣọ àìsàn kíndìnrín gan-an ni ó máa ń wọ̀.

Bí ó ṣe ń wọlé kò ṣòro láti lóye. Kí ọjọ́ ẹ̀rọ tó pé, omi àti ìdọ̀tí ti kún ara, ẹsẹ̀ ti wú. Bí wọ́n bá sì fọ̀ ọ́ tán, àárẹ̀ lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, síbẹ̀ wọ́n ti wọn omi fún un, ó wá ń fi ègé yìnyín kan sẹ́nu, ó ń rọra pọ́n ọn lá. Bí àsìkò máńgòrò bá dé ní Ògbómọ̀ṣọ́, kíkà ni yóò máa ka èyí tí yóò jẹ, nítorí pé èròjà potassium inú èso lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Owó ni ó tún wúwo jù. Àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà fi ń sanwó, ẹni tí ó bá sì ń ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ yóò rin nǹkan bí 50 kìlómítà ní àlọ nìkan. Bàbá tí gbogbo ilé ń wojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń dáwó fún, ìtìjú yìí sì lè dun ènìyàn ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ibi tí ó ti díjú ni dídá a mọ̀. Àárẹ̀, àìróorunsùn àti àìlèjẹun jẹ́ àmì ìsoríkọ́. Àwọn náà ni àmì ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀. Àkójọ ìwádìí káríayé kan tí ó jáde ní ọdún 2013 fi hàn pé bí aláìsàn bá fúnra rẹ̀ dáhùn ìwé ìbéèrè, nǹkan bí 39 nínú 100 ni ó dà bí ẹni pé ó ní ìsoríkọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ó lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 23. Lọ́dọ̀ tiwa, ìkíni tún ń bò ó mọ́lẹ̀: bí nọ́ọ̀sì bá béèrè pé, "Bàbá, ara ńkọ́?", "A dúpẹ́" ni yóò gbọ́. Ìbéèrè tí ó ń tú u síta ni èyí tí ó kúrò lórí ara: "Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ǹjẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ràn ṣì ń wù yín?" Ẹni tí ó rẹ̀ lásán sábà máa ń ní ó wu òun, agbára ni kò sí, ẹni tí ìsoríkọ́ mú yóò ní kò sí ohun tí ó wu òun mọ́.

Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, aláìsàn a máa pa ọjọ́ ẹ̀rọ jẹ, a máa ní kí wọ́n tú òun sílẹ̀ kí wákàtí tó pé, ikú a sì máa tètè mú irú wọn ju àwọn yòókù lọ. Ìtọ́jú wà. Wọn a kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, àti bóyá ẹ̀rọ ń fọ̀ ọ́ dójú àmì. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú onímọ̀ nípa ọkàn ṣeé ṣe lórí àga ẹ̀rọ gan-an. Oògùn bíi sertraline náà wà, tí dókítà nìkan lè wọ̀n fún un: nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2019, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, oògùn yìí fi díẹ̀ ṣiṣẹ́ ju ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìpalára tirẹ̀ pọ̀ ju ti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá sì sọ pé ikú sàn, tàbí pé kí wọ́n má gbé òun lọ sídìí ẹ̀rọ mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́.